Ìperí fún Ìsokọ́ra Kọ̀ǹpútà: Ìyẹ̀wò Àwọn Orúkọ Tí Ó Wà Nílẹ̀

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti wo ilé kan tí ọmọ ti pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ń sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ láìwo ilé. Ilé náà ni ìmọ̀ nípa bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà kan mọ́ òmíràn kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mọ́. Ó ti wọ inú àyọkà tí a ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà, ó ti wọ inú àròkọ tí wọ́n ń kọ, ó sì kún inú ìròyìn orí rédíò tí a ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbọ́ kí èdè wọn lè dán mọ́rán.

Ìbéèrè tí ó máa ń wáyé ni pé ǹjẹ́ Yorùbá gba irú ìmọ̀ báyìí? Ní tiwa, ìbéèrè àná ni ìyẹn. Ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù nìyí: àwọn orúkọ tí a ti ń pe àwọn ohun-èlò wọ̀nyí, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ, bí ó ti wù kí ohun tí a ń pè é dùn lẹ́nu tó.

2. Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Kì í ṣe òní ni àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń ṣẹ̀dá ìperí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984. Apá kejì rẹ̀ sì jáde ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Bí a bá wo àwọn ìperí tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ nínú kíláàsì, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà wọlé. Inú èdè wa ni a ti ṣẹ̀dá ìparójẹ, àrànmọ́, àpólà-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. A sì yá fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì, sílébù àti mọ́fíìmù lò. Ọ̀wọ́ méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà, wọn kò sì bá ara wọn jà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni a fi yan òṣùwọ̀n mẹ́rin. Èkíní, kí orúkọ tọ́ka sí ohun kan pàtó. Èkejì, kí ó ya ohun náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó sún mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, kí a lè fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀kẹrin, kí ó bá òfin ìró Yorùbá mu, kí ó sì ṣeé pè láìfi èémí ṣòfò.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò béèrè pé kí orúkọ ṣàpèjúwe ohun tí ó ń jẹ́. Àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láàárín wa a máa rò pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni àwọn ẹ̀rọ náà gan-an kò tẹ̀lé e. Nígbà tí Robert Metcalfe sọ ọ̀nà ìsokọ́ra kan ní Ethernet ní 1973, inú èrò àtijọ́ kan ni ó ti mú orúkọ náà. Àwọn onímọ̀ ìgbà kan rí rò pé nǹkan kan tí a kò lè fojú rí kún òfuurufú, pé òun ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀. A ti fi èrò yẹn sílẹ̀ tipẹ́ kí 1973 tó dé, síbẹ̀ orúkọ náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Bákan náà ni Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkékúrú ọ̀rọ̀ méjì kan ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà ni, tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣẹ̀dá orúkọ fún ọjà gbé jáde ní 1999. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń jẹ́. Ìyàsọ́tọ̀ ni iṣẹ́ orúkọ. Àpèjúwe, ẹ̀bùn ni.

3. Ayára-bí-àṣá àti ayélujára

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó gbajúmọ̀ jù. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni ọ̀pọ̀ ń pe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Kò sí ìyá adìẹ tí kò mọ bí àṣá ti ń yára. Lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ó dára púpọ̀, nítorí pé ó ń ya àwòrán sí ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oríkì ni, kì í ṣe orúkọ. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀rọ náà yára. Kò sọ ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Nínú yàrá tí kọ̀ǹpútà, súwíìṣì àti ráótà bá wà pa pọ̀, èwo ni kì í yára bí àṣá nínú wọn? Òṣùwọ̀n kejì ti já a kulẹ̀. Òṣùwọ̀n ẹ̀kẹta náà kò gbè é. A lè sọ pé onímọ̀ kọ̀ǹpútà, yàrá kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá rọ́pò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò rí i pé gbólóhùn òun ti kún kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ayélujára yàtọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó fún íńtánẹ́ẹ̀tì mọ èdè. Ayé ni ó lu, tí apá kan rẹ̀ já sí ìkejì, gẹ́gẹ́ bí yàrá méjì tí ó lu jára ṣe máa ń rí. Ó kúrú, ó ní bátànì sílébù Yorùbá, ó sì bá ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ mu, nítorí pé àwọn ìsokọ́ra kéékèèké tí ó já sí ara wọn káàkiri ayé ni íńtánẹ́ẹ̀tì. A kò ní ẹjọ́ kankan bá ayélujára rò.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹnì kan náà a pe méjèèjì bẹ́ẹ̀ láàárín ìpínrọ̀ kan. Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rọ kan tí a lè gbé lé orí tábìlì. Kọ̀ǹpútà ẹ̀wẹ̀ kò di dandan kí ó bá ayé lu jára. Ẹ ronú sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, tí a fi waya so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ súwíìṣì kan, tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò jáde láti yàrá náà lọ sí ìta. Ìsokọ́ra wà níbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ẹ̀rọ ayélujára lọ kò lè sọ ohun tí ó wà nínú yàrá náà. Kì í ṣe pé Yorùbá kò tó o sọ. Àwa ni a fi ọ̀rọ̀ kan dí ojú ọ̀nà mẹ́ta.

4. Nẹ́tíwọ̀kì, ìtàkùn, àwọ̀n

Kí ni kí a wá pe ohun tí ó wà nínú yàrá yẹn? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀-àyálò ló máa ń gba ni sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yóò ní kí a pè é ní nẹ́tíwọ̀kì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti yá nẹ́tíwọ̀kì tipẹ́, ó sì ti fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí ìyálójà kan bá sọ lórí fóònù pé, "Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ," ohun tí ó ń sọ ni pé fóònù òun kò gbé mọ́. Bí ọlọ́kadà bá sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára ní àdúgbò kan, ohun kan náà ni ó ní lọ́kàn. Nẹ́tíwọ̀kì ti di ohun tí ń wá tí ń lọ, bí iná mànàmáná. Bí olùkọ́ bá wá sọ fún kíláàsì pé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá náà jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan, ó dájú pé òye tí ó fẹ́ kí wọ́n ní kọ́ ni wọn yóò ní. Ọ̀rọ̀-àyálò náà ń dàgbà ní ilé ọkọ, kì í sì í padà sí ilé bàbá rẹ̀ bí ó ti jáde.

Àwọn kan ti lo ìtàkùn, pàápàá nínú ìtàkùn àgbáyé. Ìtàkùn kan ní gbòǹgbò kan, láti ibẹ̀ ni ó ti ń fà lọ. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní gbòǹgbò kan. Bí a bá gé e ní ibi kan, a lè gba ibòmíràn. Àwọ̀n sún mọ́ ọn ju ìtàkùn lọ, nítorí pé ojú kókó ni ó so ó pọ̀. Àmọ́, iṣẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja ni kí ó mú ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀, kì í ṣe kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Ìsopọ̀ nìkan kò burú, ṣùgbọ́n a ti ní ọ̀rọ̀-asopọ̀ nínú gírámà, ó sì gbòòrò jù: ìsopọ̀ ni ìgbéyàwó, ìsopọ̀ ni ti pákó méjì tí a kàn ní ìṣó.

Ohun tí àwa yóò dábàá ni ìsokọ́ra. Ohun tí ó bá so kọ́ra, ọ̀kan di òmíràn mú, òmíràn náà di ẹlòmíràn mú, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ olórí dandan. Ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ayélujára: ìsokọ́ra lè wà nínú yàrá kan, ayélujára ni ìsokọ́ra gbogbo àwọn ìsokọ́ra. A sì lè fi ṣẹ̀dá: ìsokọ́ra abẹ́lé, ìsokọ́ra aláìníwáyà, onímọ̀ ìsokọ́ra.

5. Àwọn àpótí

Ibi tí àìwo ilé ti pọ̀ jù ni orúkọ àwọn àpótí kéékèèké tí iná ń tàn pìrìpìrì lára wọn. Ẹ̀rọ ìsopọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe gbogbo wọn. Iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà rárá.

Họ́ọ̀bù ni ó gọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gba ihò kan wọlé, gbogbo ihò yòókù ni ó ń dà á sí, bí akéde tí ń lu agogo káàkiri ìlú nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹnì kan ṣoṣo. Súwíìṣì máa ń kọ́ ẹ̀kọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, súwíìṣì yóò ṣàkọsílẹ̀ ihò tí ó wà. Láti ìgbà náà, ihò yẹn nìkan ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni súwíìṣì fi gba ipò lọ́wọ́ họ́ọ̀bù. Ráótà kò dúró sí àárín ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ. Àárín ìsokọ́ra kan àti òmíràn ni ó wà, òun ni ó sì ń yan ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà jáde. Mọ́dẹ́ẹ̀mù kì í yan ọ̀nà. Ó ń pa ìró dà ni, kí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ lè gba orí okùn tẹlifóònù tàbí irú okùn mìíràn kọjá, kí ó sì tún padà sí bí ó ti wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, àpótí kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ ráótà, súwíìṣì, rédíò Wi-Fi, àti ti mọ́dẹ́ẹ̀mù nígbà mìíràn. Èyí ni kò jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Orúkọ wo ni kí wọ́n jẹ́? Àwọn kan lè fẹ́ pe ráótà ní oníbodè, nítorí pé ẹnu ààlà ni ó wà. Ó fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Iṣẹ́ oníbodè láyé àtijọ́ ni láti dá èrò dúró, kí ó wò wọ́n, kí ó gba owó ibodè, kí ó sì dá ẹni tí kò yẹ kí ó wọ ìlú padà. Ẹ̀ṣọ́ tí a ń fi sí ẹnu ìsokọ́ra láti dènà ọ̀rọ̀ àjèjì ni ìyẹn bá mu. Ti ráótà, ọ̀nà ni ó ń fi hàn. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, afọ̀nàhàn ni kí a pè é, kí a sì fi oníbodè sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Ní ti súwíìṣì, ìṣòro kan wà níbẹ̀ pé súwíìṣì ni a ti ń pe ohun tí a fi ń tan iná lára ògiri. A dábàá pé kí olùkọ́ sọ pé súwíìṣì ìsokọ́ra nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Họ́ọ̀bù àti mọ́dẹ́ẹ̀mù, kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

6. Okùn, ìdì, apèsè

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, àwọn okùn WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, tí wọ́n gba abẹ́ òkun kọjá, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ayélujára sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá pe irú okùn bẹ́ẹ̀ ní waya abẹ́ òkun ṣi òye gbé, nítorí pé irin ni waya lẹ́nu Yorùbá. Inú okùn wọ̀nyí, fọ́nrán dígí tín-ín-rín ni ọ̀rọ̀ ń gbà, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gbé e. Okùn ni ó tọ̀nà, kí waya máa jẹ́ ti inú yàrá: ẹyọ waya mẹ́jọ tí a lọ́ ní méjì-méjì sínú ọ̀rá kan, tí kì í sábà gùn ju mítà 100 lọ láti súwíìṣì dé ìdí kọ̀ǹpútà. Kí a má sì gbàgbé àmì ohùn. Láàárín okùn àti òkun, ohùn nìkan ni ó là wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kan fẹ́ fi ránṣẹ́ kì í lọ ní odindi. A máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a ó kọ àdírẹ́sì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, a ó sì tún wọn tò nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Donald Davies, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó fún àwọn ègé wọ̀nyí ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ onímọ̀ èdè kí ó lè yan ọ̀rọ̀ tí yóò ṣeé túmọ̀ sí èdè mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ bà á, nítorí pé ìdì wà nílẹ̀ fún àwa Yorùbá. Ìdì ọ̀rọ̀ kúrú, ó sì yéni. Kò sí ìdí tí a fi ní láti yá òmíràn.

Sáfà ni ó ń kó ọ̀pọ̀ sí kòtò ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀. Àwọn kan yóò ní ìránṣẹ́ ni. Ìránṣẹ́ ni ẹni tí a rán. Sáfà kò lọ síbi kankan. Ó jókòó sí ojú kan ni, àwọn mìíràn ni ó ń wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ apèsè ni ó yẹ ẹ́, ẹ̀rọ tí ó wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni oníbàárà. Àwọn ọ̀rọ̀ ọjà méjì yìí kò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá kankan.

Àdírẹ́sì pín sí méjì. Ọ̀kan wà lára ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti wá. Èkejì ni ìsokọ́ra tí ó bá wọ̀ yóò fún un. A lè fi èkíní wé orúkọ àbísọ, kí a fi èkejì wé nọ́ńbà ilé, tí ń yí padà bí ènìyàn bá kó lọ sí ibòmíràn. Àfiwé náà dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí pé ọ̀pọ̀ fóònù òde òní a máa dá orúkọ mìíràn jẹ́ nínú ìsokọ́ra tuntun kí a má baà mọ̀ wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó dópin.

7. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ìdánwò

Gbogbo èyí ìbá jẹ́ àríyànjiyàn lásán bí kò bá sí máàkì nínú rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì tí a gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ:

(i) Ilé-ìwé wa ra ẹ̀rọ ayélujára mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ayélujára lórí wọn.
(ii) Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ó wà ní ilé-ìwé wa, súwíìṣì kan ni ó so wọ́n kọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì.

Olùdánwò tí ó bá ń fi pẹ́ńsù pupa wá ọ̀rọ̀-àyálò yóò fa igi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú (ii), yóò sì jẹ́ kí (i) kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ (ii) mọ ohun tí ó ń sọ, tí (i) sì ta ko ara rẹ̀. Olùdánwò kan náà ni yóò béèrè sílébù àti fáwẹ́lì ní apá èdè nínú ìwé ìdánwò kan náà. Òun náà ni kò ní fa igi sí abẹ́ àlàáfíà, wákàtí tàbí àlùbọ́sà, tí gbogbo wọn ti èdè mìíràn wá. Bí ọjọ́ orí ni a fi ń dá ọ̀rọ̀-àyálò láre, kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè mọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dàgbà.

Àbá wa fún ìmáàkì jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, kí a gba ọ̀rọ̀-àyálò tí ó bá tẹ̀lé òfin sílébù Yorùbá, tí a sì fi àmì ohùn sí. Èyí tí a kọ ní àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ orúkọ ọjà tàbí ti ilé-iṣẹ́ ni kí a gé máàkì lé lórí. Èkejì, kí a gba ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá bí ó bá tọ́ka sí ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ dé òpin. Ìdàrúdàpọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe orírun ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá fi irú ìmọ̀ yìí ṣe àyọkà ìdánwò túmọ̀ ìperí rẹ̀ nínú àyọkà náà. Kò tọ́ kí ọmọ kan pàdánù máàkì nítorí pé afọ̀nàhàn ni olùkọ́ rẹ̀ ń pè, tí ẹni tí ó ṣètò ìdánwò sì ń pè é ní ráótà.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá kò burú nítorí pé a ṣẹ̀dá wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a yá kò burú nítorí pé a yá wọn. Ayélujára tí a ṣẹ̀dá yege. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí a ṣẹ̀dá kò yege. Mọ́dẹ́ẹ̀mù tí a yá yege. Nẹ́tíwọ̀kì tí a yá ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Ohun tí ó kù ni iṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní Yorùbá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí àwọn tí yóò ṣe àkójọ ìperí tuntun kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó padà wá jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè. Títí di ìgbà náà, kí àwa tí a ń máàkì ìwé máa wo òye tí ó wà nínú gbólóhùn kí a tó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.